Orúkọ Tí Jónátánì Sọ Ọmọ Rẹ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Àwọn Hébérù ìgbà àtijọ́ pàápàá a máa wo ilé, wọn a máa wo àkókò, wọn a sì máa wo ohun tí ojú wọn ti rí, kí wọ́n tó pe ọmọ ní orúkọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ ka Ìwé Mímọ́ ní àkàyé, tí ó sì fẹ́ fi í kọ́ ọmọdé, kò gbọdọ̀ fi ojú fo orúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí tí ó dá wa lójú pé ìtumọ̀ tí a sábà ń fún un kò tọ́, àti pé ọ̀ràn náà kan iṣẹ́ tí àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn ènìyàn wa.

Orúkọ náà ni Mefibóṣẹ́tì, arọ tí ó jẹun lórí tábìlì Dáfídì. Ohun tí a máa ń gbọ́ láti orí àga ìwàásù ni pé ìtìjú ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, àti pé láti inú orúkọ náà ni ibi gbogbo ti bá a: ó yarọ, ó di aláìní, ó ń gbé ní Lodébárì bí ẹni tí ayé ti gbàgbé. Lẹ́yìn èyí ni oníwàásù yóò wá kìlọ̀ fún àwọn òbí kí wọ́n má ṣe fún ọmọ wọn ní orúkọ burúkú. Ìkìlọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n àwa kò gbà pé Jónátánì ọmọ Sọ́ọ̀lù fi ìtìjú sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Èrò wa ni pé orúkọ ọlá ni ó fún un, pé àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni wọ́n fi ìtìjú kùn ún, àti pé ẹnikẹ́ni tí yóò máa kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sínú ìwé ní ẹ̀kọ́ ńlá láti rí kọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ti wá. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní ka ìran Kíṣì, baba Sọ́ọ̀lù, sẹ́yìn fún wa: Kíṣì ọmọ Ábíélì, ọmọ Sérórì, ọmọ Békórátì, ọmọ Áfíà, láti inú ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì. Kíṣì bí Sọ́ọ̀lù tí ó jọba. Sọ́ọ̀lù bí Jónátánì. Jónátánì sì bí ọmọ tí à ń wí yìí. Ọmọ àrẹ̀mọ ọba ni í ṣe. Ó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ìròyìn dé pé Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì ti kú lójú ogun. Olùtọ́jú rẹ̀ gbé e, ó ń sá lọ. Níbi tí ó gbé ń kánjú, ọmọ náà ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà sọ ohun tí ó sọ ọ́ di arọ fún wa ní gbangba. Ìbẹ̀rù ogun ni, ìkánjú sì ni; kò dá orúkọ lẹ́bi rárá.

Ní ilé Mákírì ọmọ Ámíélì ní Lodébárì ni ó wà nígbà tí Dáfídì ránṣẹ́ pè é, nítorí májẹ̀mú tí ó wà láàárín Dáfídì àti Jónátánì. Ọba dá gbogbo ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, ó sì fi Síbà, tí ó ní ọmọkùnrin 15 àti ìránṣẹ́ 20, ṣe ẹni tí yóò máa ro ilẹ̀ náà fún un. Bí Síbà ti bà á jẹ́ lọ́dọ̀ ọba nígbà ọ̀tẹ̀ Ábúsálómù, àti bí ọba ti pín ilẹ̀ náà sí méjì lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Kìkì pé kí a má ṣe ṣì í mọ́ Mefibóṣẹ́tì kejì, tí Rísípà bí fún Sọ́ọ̀lù, ẹni tí a fi lé àwọn ará Gíbéónì lọ́wọ́ láti pa. Arákùnrin baba rẹ̀ ni ìyẹn.

Nísinsin yìí, bí a bá ṣí Ìwé Kíróníkà Kìn-ín-ní ní orí kẹjọ àti orí kẹsàn-án, níbi tí a gbé to ìran Sọ́ọ̀lù lẹ́sẹẹsẹ, a kò ní rí Mefibóṣẹ́tì níbẹ̀. Ohun tí a óò rí ni pé Meribáálì ni ọmọ Jónátánì, Meribáálì sì ni ó bí Míkà. Ìwé Sámúẹ́lì náà sì wí pé Mefibóṣẹ́tì ní ọmọ kékeré kan tí ń jẹ́ Míkà. Baba kan náà ni, ọmọ kan náà ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti arákùnrin baba rẹ̀ tí ó jọba fún ọdún méjì lẹ́yìn ikú Sọ́ọ̀lù: Íṣíbóṣẹ́tì ni nínú Sámúẹ́lì, Eṣibáálì ni nínú Kíróníkà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti Gídíónì. Jerubáálì ni a pè é nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìwé Sámúẹ́lì Kejì dárúkọ rẹ̀ ní orí kọkànlá, Jerubẹ́ṣẹ́tì ni ó kọ. Nígbà tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀nà kan náà, a kò lè pè é ní èèṣì. Níbi tí Báálì gbé wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti yọ ọ́ kúrò, ó sì ti fi bóṣẹ́tì, èyí tí í ṣe ìtìjú ní èdè Hébérù, dí àyè rẹ̀.

Ní ti ìtumọ̀ Meribáálì, àwọn ọ̀mọ̀wé kan wí pé ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ Hébérù tí í ṣe ìjà tàbí ẹjọ́, bí ẹni pé a wí pé Báálì ń gbèjà ẹni. Nínú Kíróníkà, orí kẹsàn-án, a sì tún rí i tí a kọ ọ́ lọ́nà mìíràn tí àwọn kan túmọ̀ sí akọni Báálì. Èyíkéyìí tí a bá mú nínú méjèèjì, orúkọ jagunjagun ni, ó sì yẹ ọmọ ilé Sọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ní ti Mefibóṣẹ́tì, àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ohun tí ó ti ẹnu ìtìjú jáde, àwọn mìíràn sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí ń tú ìtìjú ká. Baba wo ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, tí yóò sì pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sí i?

Ẹnì kan yóò béèrè pé, ṣé Jónátánì, olùfẹ́ Ọlọ́run, ni ó fi orúkọ òrìṣà sọ ọmọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí tọ́, ó sì gba ìdáhùn. Báálì kì í ṣe orúkọ òrìṣà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni olúwa, tàbí ẹni tí ó ni nǹkan. Ọkọ obìnrin pàápàá ni a ń fi ọ̀rọ̀ yìí pè. Bí obìnrin Yorùbá ti ń pe ọkọ rẹ̀ ní olówó orí mi, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin Hébérù lè pe tirẹ̀ ní báálì. (A fẹ́ kìlọ̀ níhìn-ín pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Báálì àti baálé bá ara wọn tan nítorí pé ìró wọn jọra. Baba àti ilé ni ó di baálé; ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí ara wọn.) Àwọn ará Kénáánì fi oyè yìí pe òrìṣà òjò àti àrá tiwọn, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà sì lè fi í pe Jèhófà, nítorí òun ni olúwa wọn. Wòlíì Hóséà jẹ́ wa lẹ́rìí ní orí kejì ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí Ísírẹ́lì kì yóò pe Ọlọ́run rẹ̀ ní báálì mọ́. Bí wọn kò bá ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí ìdí tí wòlíì yóò fi sọ pé wọn yóò dẹ́kun.

Ẹ̀rí wà sí i. Ìtumọ̀ orúkọ Jónátánì fúnra rẹ̀ ni pé Jèhófà ti fi fún ni. Sọ́ọ̀lù tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni ó sọ Eṣibáálì lórúkọ, a kò sì kà á níbì kan pé ó bọ Báálì. Nínú àwọn ará Bẹ́ńjámínì tí ó wá bá Dáfídì ní Síkílágì, ọ̀kan ń jẹ́ Bealáyà, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe pé Jèhófà ni báálì. Ilẹ̀ pàápàá ti jẹ́rìí. Ní 1910, àwọn tí Yunifásítì Harvard ti Amẹ́ríkà rán láti wú ilẹ̀ ní Samáríà rí àwọn àpáàdì tí a fi tàdáwà kọ nǹkan sí lára, àkọsílẹ̀ ọtí wáìnì àti òróró láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún ó dín díẹ̀ kí a tó bí Olúwa wa.

Lórí ọ̀kan nínú àwọn àpáàdì náà, orúkọ Meribáálì wà níbẹ̀, òun àti orúkọ ọkùnrin kan, Gádíyáù, tí orúkọ Jèhófà wà nínú tirẹ̀. Ní 2012 pẹ̀lú, ní Khirbet Qeiyafa, lẹ́bàá àfonífojì Élà níbi tí Dáfídì gbé bá Gòláyátì jà, a rí ìkòkò kan tí a kọ orúkọ Eṣibáálì sí lára. Nǹkan bí 3,000 ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ Sọ́ọ̀lù ni a wí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ènìyàn ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà náà, láìsí ìtìjú kankan.

Nígbà wo ni ìtìjú wá dé? Nígbà tí Áhábù ọba fẹ́ Jésébélì ọmọ ọba Sídónì, tí ó sì kọ́ ilé fún Báálì ní Samáríà, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn wòlíì Jèhófà àti àwọn wòlíì Báálì, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nípa Èlíjà lórí òkè Kámẹ́lì. Láti ìgbà náà lọ, oyè tí ó ti jẹ́ ti gbogbo ènìyàn di orúkọ ọ̀tá. Hóséà àti Jeremáyà bẹ̀rẹ̀ sí pe Báálì ní ìtìjú nínú ìwé wọn. Ó rọrùn nígbà náà fún akọ̀wé tí ń da Ìwé Sámúẹ́lì kọ láti fi ohun tí àwọn wòlíì ń wí rọ́pò ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ kan ní èdè Gíríìkì ṣì fi báálì sílẹ̀ nínú orúkọ náà, kódà nínú Ìwé Sámúẹ́lì. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan kò gba èyí. Wọ́n ní bóṣẹ́tì inú orúkọ wọ̀nyí lè jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó jọ ti àwọn ará Bábílónì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ iyì àti ààbò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwàásù tí a wí ní ìṣáájú tún jìnnà sí òtítọ́ ju bí a ti rò lọ. Ṣùgbọ́n bí a ti rí Báálì ní ìhà kan tí a sì rí bóṣẹ́tì ní ìhà kejì fún ènìyàn mẹ́ta, èrò ti àkọ́kọ́ ni ó tẹ́ wa lọ́rùn jù.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí. Dáfídì fúnra rẹ̀ ní ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Beelíádà nínú Kíróníkà Kìn-ín-ní, orí kẹrìnlá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Báálì mọ̀. Nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí karùn-ún, Elíádà ni a pè é: Ọlọ́run mọ̀. Ẹ wo ọ̀nà méjì tí a gbà tún orúkọ ṣe. Fún ọmọ Dáfídì, a mú Báálì kúrò, a fi Ọlọ́run sí i, ọ̀rọ̀ rere tí baba rẹ̀ sọ sì dúró bí ó ti wà. Fún àwọn ọmọ ilé Sọ́ọ̀lù, a mú Báálì kúrò, a fi ìtìjú sí i. Ilé tí ó wà lórí oyè ni a fi ọ̀wọ̀ tún tirẹ̀ ṣe. Ilé tí ó ti ṣubú ni a fi èébú tún tirẹ̀ ṣe. Ó dùn wá láti wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìwé náà rí lójú wa.

Nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láti ìgbà tí ìhìnrere ti dé ilẹ̀ Yorùbá títí di òní, Fá ti ń di Olú, Ògún àti Èṣù sì ti ń di Olú tàbí Jésù. Fágbèmí di Olúgbèmí, Èṣùgbàyí di Olúgbàyí. Ọ̀nà ti Elíádà ni èyí, a kò sì bá a jà nígbà tí ẹni tí ó ni orúkọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Olóyè D. O. Fágúnwà, tí ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní Ọ̀yọ́, ń jẹ́ Oròwọlé ní kékeré, ó sì wá gba Ọlọ́runfẹ́mi dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà, orúkọ ilé baba rẹ̀, tí Ifá wà nínú rẹ̀ gbangba, ni ó kọ sára gbogbo ìwé rẹ̀ títí ó fi kú ní 1963. Ó pa tirẹ̀ dà, ó sì fi ti baba rẹ̀ sílẹ̀ fún baba rẹ̀.

Ohun tí a ń bá jà ni ti olùkọ́ tí ó rí Fá tàbí Ògún níbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ, tí ó fa igi lé e, tí ó kọ ohun tí ó wù ú, tí kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tàbí èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ, tí ó pe orúkọ náà pẹ̀lú ẹ̀rín níwájú kíláàsì, tí àwọn ọmọ yòókù sì bá a rẹ́rìn-ín. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ rò pé iṣẹ́ Elíádà ni òun ń ṣe. Iṣẹ́ bóṣẹ́tì ni ó ń ṣe. Láti ọjọ́ náà lọ ni ọmọ yóò ti máa fi ìtìjú dárúkọ baba rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé orúkọ Yorùbá kì í sọ ti òrìṣà nìkan, a máa sọ ti iṣẹ́ àti ti ìran pẹ̀lú. Ẹni tí Àyàn bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ti ilé onílù wá. Ọ̀nà ń tọ́ka sí ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, Ọdẹ sí ilé ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ sí ilé eégún. Bí a bá sọ gbogbo wọn di Olú ní ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ wọn kì yóò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Bí ẹni tí ó kọ Kíróníkà lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì kò bá ti da ìran Sọ́ọ̀lù kọ bí ó ti rí i, àwa ìbá máa rò títí láé pé Jónátánì kórìíra ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kò yẹ kí orúkọ òrìṣà wà nínú ìwé ìjọ. Kí wọ́n wo Májẹ̀mú Titun. Àpólò tí ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa ń jẹ́ orúkọ tí ó ti ara òrìṣà oòrùn àwọn Gíríìkì wá. Dionísíù ará Áréópágù ń jẹ́ orúkọ òrìṣà ọtí wáìnì. Orúkọ Afrodítè, òrìṣà obìnrin, wà nínú orúkọ Epafíródítù, ẹni tí Pọ́ọ̀lù pè ní arákùnrin àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. A kò kà á níbì kankan pé Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n pa orúkọ wọn dà kí òun tó bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bí a bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ nínú Bíbélì níbi tí a gbé pa orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dà ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ààfin Nebukadinésárì ni a óò ti rí i. Olórí àwọn ìwẹ̀fà ni ó sọ Dáníẹ́lì, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi, di Belteṣásárì, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù. A kò rò pé òun ni àwòkọ́ṣe tí ó yẹ olùkọ́ Kristẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí a bá dé ẹnu iṣẹ́, tí bàbá tàbí ìyá bá fa ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a béèrè orúkọ lọ́wọ́ wọn, kí a béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ bí wọ́n ti pè é, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ilé náà bá fẹ́ pa á dà, tàbí bí ọmọ náà bá dàgbà tí ọkàn rẹ̀ sì sún un láti pa á dà, ọ̀rọ̀ ilé wọn nìyẹn, kí ó sì ṣe é bí ti Elíádà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Ìwé Kíróníkà kò dá ìran náà dúró lórí Meribáálì. Ó ka ọmọ rẹ̀ Míkà, ó ka àwọn ọmọ Míkà, ó ń bá a lọ láti ìran dé ìran títí ó fi kan àwọn ọmọ Úlámù, akọni ènìyàn, tafàtafà, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn jẹ́ 150. Ọrun Jónátánì kò ṣẹ́ ní Gílíbóà. Ọmọ tí ó ṣubú lọ́wọ́ olùtọ́jú, tí kò lè sáré, ni ó gbé e kọjá fún wọn. Nígbà tí a sì ń ka àwọn baba ńlá wọn, Meribáálì ni wọ́n kọ fún un, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti sọ ọ́.